Ẹ Má Kì Wá Mọ́, Ẹ Sanwó Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Buwọ́ Lùwé Ọjà Rírà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ilé ìtura, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba ra àga, tábìlì, ibùsùn, aṣọ fèrèsé, àwo ìjẹun àti fìtílà ni mo kọ ìwé yìí sí. N kò kọ ọ́ sí ìyá ọlọ́mọ tó ń wá àpótí ìjókòó kan ṣoṣo. Ìyẹn a wá, a ná ọjà, a sanwó, a gbé ẹrù rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀yin lẹ lè ra ogójì àga lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin náà lẹ sì lè fi ogójì àga yẹn ti ṣọ́ọ̀bù èèyàn pa.

Káfíńtà ni mí. Àwa tí a jọ ń ṣe ohun èlò inú ilé pọ̀: ẹni tó ń mọ àwo àti ìkòkò, ẹni tó ń hun ẹní àti apẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń rán aṣọ ibùsùn, ẹni tó ń jó irin. Gbogbo ìgbà tí ìpàdé bá wà lórí ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé ni wọ́n máa ń rántí wa. Wọn a kì wá, wọn a ní àwa ni òpómúléró, wọn a ní kí gbogbo èèyàn máa ra ohun tí a ṣe nílé. Èyí tí mo lọ kẹ́yìn, mo tẹ orí ba, mo wo abẹ́ àga tí mo jókòó lé. (Àṣà ọwọ́ iṣẹ́ ni, n kì í jókòó kí n má wo abẹ́ àga.) Ike ni, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá, gbogbo èyí tó wà nínú gbọ̀ngàn náà ló sì rí bákan náà. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn tó kù.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní kí n ṣe ogójì àga àti tábìlì mẹ́wàá fún yàrá ìjẹun wọn. Inú mi dùn débi pé n kò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà. Mo béèrè àsansílẹ̀, wọ́n ní ìlànà àwọn kò gbà á, pé tí ẹrù bá dé, tí àwọn bá yẹ̀ ẹ́ wò, owó á jáde. Mo lọ yá owó eléèlé. A ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, a kó ẹrù dé lọ́jọ́ tí a dá gan-an. Ìwé owó mi wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Ó kọ́kọ́ sùn sórí tábìlì ẹni tó lọ ìsinmi. Nígbà tí onítọ̀hún dé, wọ́n ní nọ́ńbà kan kò bá èkejì mu, kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Wọ́n ní ọdún ìṣúná ti yí, kí n ní sùúrù. Ó pé oṣù méje gbáko tí mo ti yá owó kí kọ́bọ̀ wọn tó wọlé. Nígbà yẹn, ọmọ iṣẹ́ mi tó mọ ihò àti ahọ́n igi gbẹ́ jù lọ, ẹni tí mo ti ń fojú ọ̀gá ọ̀la wò, ti lọ ń bá èèyàn wa ọkọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún gbé fọ́tò àwọn àga mi sínú ìwé ìròyìn ọdọọdún wọn, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ń ti oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn. Fọ́tò náà dára, n kò ní parọ́.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé owó tó pẹ́ náà owó ni, pé níwọ̀n ìgbà tó bá ti wọlé, kò sí ohun tó sọnù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní 100 ni gbogbo owó iṣẹ́. Igi, gọ́ọ̀mù, ìṣó àti fáníìṣì gba 50. Owó àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ gba 25. Iná, epo àti ọkọ̀ tó kó ẹrù gba 10. Ó ku 15 fún èmi. Òun ni èrè, òun náà ni n ó fi tún ẹ̀rọ ṣe. Bí mo bá wá yá 85 tí mo ná yẹn ní èlé 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, èlé oṣù kan jẹ́ 2.55. Ti oṣù méje jẹ́ 17.85. Èrè 15 ti lọ tán, mo sì ti bu nǹkan bíi 3 lé e látinú àpò ara mi. A jẹ́ pé èmi ni mo sanwó kí wọ́n lè gbà mí láyè láti bá wọn ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ti fún mi ní ìdajì owó ṣáájú ńkọ́, kí wọ́n san ìyókù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹrù dé? 35 péré ni mo máa yá. Ká tiẹ̀ ní ó wà lọ́rùn mi fún oṣù méjì, èlé rẹ̀ kò ju 2.1 lọ. Àga kan náà ni, iye kan náà, káfíńtà kan náà.

Àwọn ibì kan ti fi òfin dè é. Lọ́dún 2011, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba san owó ọjà láàárín 30 ọjọ́, àyàfi níbi díẹ̀. Láàárín oníṣòwò sí oníṣòwò, 60 ọjọ́ ni, àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ fẹnu kò sí òmíràn tí kò ní ìrẹ́jẹ ńlá nínú. Íńdíà ti ṣe tiwọn láti ọdún 2006: ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kékeré kò gbọdọ̀ kọjá 45 ọjọ́ kó tó sanwó, tó bá kọjá, èlé á gorí èlé, ní ìlọ́po mẹ́ta iye tí báńkì àpapọ̀ wọn kéde. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n tún fi owó orí dè é: olówó tí kò bá san gbèsè yìí lásìkò kò lè yọ ọ́ kúrò nínú èrè tí ìjọba máa bu owó orí lé, títí di ọdún tó bá san án. Èyí ló dùn mọ́ mi jù, torí pé àpò ẹni tó jẹ gbèsè ló lọ dì mú, láìjẹ́ pé èmi ni mo máa lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Gbogbo òfin tó bá sọ pé kí káfíńtà lọ pe ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́jọ́, orí ìwé ló máa wà. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, èmi sì nílò kí ẹ tún ra àga lọ́wọ́ mi lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun kejì ni bí ẹ ṣe ń di iṣẹ́ pọ̀. Ẹ ó kọ ibùsùn, aṣọ fèrèsé, àga, tábìlì, fìtílà àti àwo sínú ìwé kan ṣoṣo, ẹ ó ní ẹnì kan ni kó gba gbogbo rẹ̀. Ta ló lè gbà á? Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ayùn àti ìfági, àmọ́ tí báńkì wà lẹ́yìn rẹ̀. Yóò kó ìdajì wọlé nínú kọ̀nténà, yóò pín ìdajì tó kù fún àwa, ní iye tó jẹ́ pé tí a bá ṣe é tán, èérún igi ló kù fún wa. Ìlànà ọjà rírà ti Yúróòpù lọ́dún 2014 ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí kò bá pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n má ṣe béèrè pé kí owó tó ń wọlé fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ lọ́dún ju ìlọ́po méjì iye iṣẹ́ náà lọ, àfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Amẹ́ríkà ní tiwọn fi àfojúsùn sínú òfin, pé kí ó kéré tán 23 nínú ọgọ́rùn-ún owó kọ́ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀ máa lọ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ kékeré. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé ohun tí wọ́n ń pè ní kékeré lè ní òṣìṣẹ́ tó ju 500 lọ. Ṣọ́ọ̀bù mi kò gba èèyàn méjìlá tí wọn kò bá yọ ẹsẹ̀ síta. Síbẹ̀, ẹni tó dá nǹkan sọ́tọ̀ sàn ju ẹni tó ń fi ẹnu lásán ki èèyàn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi dá mi lóhùn: èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ dínwó. Òótọ́ ni, n kò sì ní bá òótọ́ jà. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Ideal X gbéra ní Newark lọ sí Houston, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àpótí irin 58 lórí rẹ̀. Malcom McLean, oníṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àpótí yẹn ló di kọ̀nténà tí a mọ̀ lónìí, òun ló sì sọ ọ̀nà jíjìn di ohun tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn nínú owó àga mọ́. Ó máa ń hàn nígbà mìíràn ṣá. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ kan ṣoṣo, Ever Given, há sí ọ̀nà omi Suez fún ọjọ́ mẹ́fà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń retí àga lọ́sẹ̀ yẹn ló mọ bó ṣe rí lára wọn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn káfíńtà kan fún yín, torí pé òun ni ẹ̀rí mi tó lágbára jù. Michael Thonet ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1819 ló ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tirẹ̀ ní Boppard, ní Jámánì. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí a ṣe lè fi ooru àti omi tẹ igi kó má bàa dá. Ó kó lọ sí Vienna lọ́dún 1842. Ta wá ni oníbàárà tó gbé e jáde? Ilé kọfí kan ní Vienna, Café Daum, ní nǹkan bí ọdún 1849, tó ra àga rẹ̀ fún àwọn tó ń wá mu kọfí. Ilé ìtura kan ní Budapest tẹ̀ lé e, ó ra irinwó. Lọ́dún 1859 ló wá ṣe àga tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 14: igi mẹ́fà, skúrù mẹ́wàá, nọ́ọ̀tì méjì. Tí a bá tú u, mẹ́rìndínlógójì rẹ̀ ń wọ inú àpótí kan tí kò ju mítà kan lọ ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Kó tó di ọdún 1930, nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù rẹ̀ ló ti tà. Gbogbo èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ nípa àádọ́ta mílíọ̀nù yẹn. Ibi tí ojú mi máa ń lọ ni ilé kọfí yẹn àti ilé ìtura yẹn. Ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ yín gan-an ló jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ní, "A ó rà á lọ́wọ́ ọkùnrin yìí." N kò sọ pé n ó di Thonet, ọjọ́ orí mi ti kọjá ìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó lọ ń wa ọkọ̀ yẹn ni mo ń rò.

Ní ti àkókò, ẹ fara balẹ̀ fún mi níbí, torí pé ibí yìí ni orúkọ wa ti ń bàjẹ́. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi ló kún inú rẹ̀. Tí a bá fi ìwúwo omi náà wé ti igi gbígbẹ, ó sábà máa ń ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Igi tó máa gbé inú ilé, nǹkan bíi 8 sí 12 ni a ń wá, bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ṣe gbẹ tó. Bí omi bá ṣì wà lókè 30, igi kì í yí padà. Ìgbà tó bá ń lọ sísàlẹ̀ ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì ti máa ń sún, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ pátákó àárín ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ férémù rẹ̀. A máa ń fi àyè gbà á kó lè mí; ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ pinpin, ariwo ìfọ́ ló máa jí i lóru. Ìwọ̀n tí àwọn àgbà iṣẹ́ ń lò fún igi tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ ni ọdún kan fún ínṣì kan nínípọn. Ẹ̀rọ ìgbẹgi lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ olówó ló ní in.

Ẹ̀yin wá pè mí lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni ẹni ńlá kan máa wá ṣí ilé. Mo mọ̀ pé tí n bá sọ pé kò ṣeé ṣe, ẹlòmíràn á gbà á. Mo ra igi tútù, mo kàn án pọ̀, mo fi fáníìṣì bò ó. Lọ́jọ́ ìṣílé, ó ń dán. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ojú tábìlì ti là, ẹsẹ̀ àga ti ń mì bí eyín àgbàlagbà, ẹnì kan á sì sọ níbi ìpàdé pé, "Ẹ ò rí i, iṣẹ́ àwọn èèyàn wa nìyẹn." Kọ̀nténà tí ẹ bá ra tirẹ̀, oṣù mẹ́ta ṣáájú lẹ ti kọ̀wé sí wọn, ẹ ti san àsansílẹ̀, ẹ sì ti fọwọ́ sí i pé tó bá pẹ́, ẹ ó ní sùúrù. Oṣù mẹ́ta yẹn náà ni mò ń tọrọ.

Àwa náà ní ẹ̀bi, ó sì tó ẹ̀bi. "Ó kù díẹ̀" ti di orin lẹ́nu wa. A ti fi ọjọ́ tan oníbàárà bí ẹni ń fi súìtì tan ọmọdé. Àwọn kan nínú wa á fi igi kan hàn yín, wọn á fi òmíràn ṣe é. Àwọn kan kì í kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹsẹ̀ àga mẹ́rin, gíga mẹ́rin. Ẹni tó bá ṣe èyí, ẹ má ra ọjà rẹ̀ nítorí pé ọmọ ilé ni. Ẹ ní kó ya àwòrán pẹ̀lú ìwọ̀n, ẹ ní kó ṣe ẹyọ kan wá ná, ẹ sanwó ẹyọ kan yẹn, ẹ gbé èèyàn tó sanra lé e, kí ẹ tó ní kó ṣe ogójì.

Ẹ sì béèrè ohun tí "ṣe nílé" túmọ̀ sí. Àjọ tó ń rí sí òwò ní Amẹ́ríkà, FTC, sọ ọ́ di òfin lọ́dún 2021 pé ẹni tó bá kọ ọ́ sára ọjà pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, gbogbo rẹ̀ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ wá. Siwitsalandi ní tiwọn, láti ọdún 2017, béèrè fún 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ṣe ọjà iléeṣẹ́. Tèmi nìyí láìfi bò: igi mi, ilé ni, ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ, ilé ni, skúrù, híńjì àti fóòmù ìjókòó, láti ìta ni. Ìdí nìyẹn tí n kì í bá àwọn tó ń pariwo owó ibodè jó. Amẹ́ríkà fòpin sí àyè tí ẹrù kékeré tí kò ju 800 dọ́là lọ fi ń wọlé láìsan owó ibodè, lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ yọ̀, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ibodè kan náà ni híńjì mi ń gbà wọlé. Ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn àga, kí ẹ rántí pé híńjì wà lára ilẹ̀kùn.

Ìdánwò ọjà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2007 tí òjé kún ọ̀dà ohun ìṣeré ọmọdé, Amẹ́ríkà ṣe òfin líle lọ́dún 2008 lórí gbogbo ọjà ọmọdé, àga ọmọdé wà níbẹ̀. Owó ìdánwò kò mọ ẹni tó ṣe mẹ́wàá yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ló bá di pé òfin tí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ńlá bí ń lọ pa àwọn kékeré. Lọ́dún 2011 ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n dín ẹrù náà kù fún àwọn tó ń ṣe díẹ̀díẹ̀, àmọ́ wọn kò mójú kúrò lórí òjé inú ọ̀dà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ìdánwò lára ọjà mi, mo fọwọ́ sí i. Kí ẹ kàn bá mi san owó ti àkọ́kọ́.

Mo ní pákó kan tí mo tò sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí mo tò wọ́n sára èyí tó wà lókè. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pé ọdún kan. Ó tó ogójì àga àti tábìlì mẹ́wàá. Mo ti wọ̀n ọ́n. Wọn kò tíì ní olówó. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìwé ìdajì owó dání, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó ti rí àga jókòó lé, ẹ sì lè wo abẹ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Káfíńtà kan tó ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́